Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Ń Wo Ẹyẹ Omi

Kò sí ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Mowe, Ìbàfò tàbí Ìfọ̀ tí kò mọ lékeléke. Bí ẹyẹ funfun yìí bá ń fò kọjá, àwọn ọmọdé a máa na ọwọ́ sókè kí ó lè fún wọn ní èékánná funfun. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a rí ẹyẹ, ọ̀tọ̀ ni kí a wò ó. Wíwo ẹyẹ ní ìlànà, èyí ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún ọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, jí ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, nítorí ìgbà náà ni ẹyẹ ń wá oúnjẹ. Má ṣe wọ aṣọ tí ń tàn yanran. Mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù dání. Bá àgbàlagbà tí ó mọ ọ̀nà lọ sí àbàtà odò Ògùn nítòsí Ìbàfò, kí o sì jókòó jẹ́ẹ́. Wo ẹnu ẹyẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ àti ohun tí ó ń jẹ. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ìwọ yóò mọ̀ pé lékeléke kì í tẹ̀ lé màlúù lásán: kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé jáde nínú koríko ni ó ń ṣà jẹ.

Lẹ́yìn èyí, o lè lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tí a dá sílẹ̀ ní Lẹ́kìí ní ọdún 1990. Afárá onípákó la àbàtà ibẹ̀ kọjá, ibi ìlúgọ sì wà tí a ti lè wo ẹyẹ láìjẹ́ kí ó rí wa.

Ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù tí ó jìnnà sí ènìyàn ni ẹyẹ òkun fẹ́ràn jù láti pamọ. Ní gúúsù erékùṣù Príncipe, erékùṣù olókùúta méjì wà tí a ń pè ní Tinhosas. Ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ tí ẹ̀yìn wọn dúdú, tí àyà wọn funfun, ni ó ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Irú ẹyẹ yìí lè lo ọdún mélòó kan lójú òkun kí ó tó padà wá yé. Nítorí náà, bí afinimọ̀nà bá ní kí o dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, má ṣe jiyàn. Bí èrò bá ya lu ibẹ̀, ẹyẹ yóò fò kúrò lórí ẹyin, oòrùn yóò sì pa ẹyin náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nílé wa pẹ̀lú. Bí a ti ń da yanrìn sí àbàtà láti kọ́lé, ibi tí ẹyẹ ti ń jẹun ni à ń dí. Àbàtà yìí kan náà ni ó sì ń gba àgbàrá tí ìbá ya wọ ilé wa. Ẹni tí ó ń wo ẹyẹ, tí ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí wọn kò bá wá mọ́.

Àkíyèsí: Àròkọ aṣàlàyé kì í ṣe ìtàn ìrìn-àjò. Gbogbo ìlànà tí o bá kọ, sọ ìdí rẹ̀.