Bí Ìlànà Ìjọba Titun ní Abuja Ti Ń Kan Káńsù Ìlú Wa

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ owó àti àṣẹ ni a gbé ka iwájú yín nínú ìwé kékeré yìí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Gọ́tà tí ó dí ní iwájú ọjà, ilé ìgbẹ̀bí tí kò ní iná, odò ẹran tí a kì í fọ̀, ibi ìsìnkú ìlú tí igbó ti bò, àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí: gbogbo wọn ni ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fi lé káńsù lọ́wọ́, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Nígbà tí ìjọba titun bá dé ní Abuja, tí ó sì pàṣẹ nípa epo, tàbí nípa owó ilẹ̀ òkèèrè, tàbí nípa owó oṣù, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá ni. A fẹ́ fi hàn bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti ń rìn títí dé ọ̀dọ̀ káńsù, àti ibi tí ó máa ń dúró sí lójú ọ̀nà.

Káńsù kì í ṣe ohun titun láàárín wa. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni a fi ń ṣe àkóso ìbílẹ̀. Ní 1952, nígbà tí ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, òfin titun kan sọ káńsù di ti àwọn tí ará ìlú dìbò yàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọba àti ìjòyè ṣì ní ìjókòó nínú rẹ̀. Ní 1976, ìjọba ológun sọ gbogbo káńsù ilẹ̀ Nàìjíríà di irú kan náà. 301 ni wọ́n jẹ́ nígbà náà. Ní 1996 wọ́n ti di 774, iye yìí ni ó sì wọ inú ìwé òfin 1999. Ẹ kíyè sí i pé nígbà kọ̀ọ̀kan tí àyípadà bá káńsù, láti òkè ni ó ti wá.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí a mọ bí owó ti ń rìn. Owó epo rọ̀bì, owó ibodè, àti owó-orí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń wọ inú àpò kan ní Abuja, èyí tí a ó máa pè ní àpò àjùmọ̀ní. Oṣooṣù ni a ń pín in. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìpín àwọn ìpínlẹ̀ tí epo rọ̀bì ti ń jáde, nínú 100 náírà tí ó kù, ìjọba àpapọ̀ a mú 52 náírà àti 68 kọ́bọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ 36 a pín 26 náírà àti 72 kọ́bọ̀. Àwọn káńsù 774 a sì pín 20 náírà àti 60 kọ́bọ̀. Ìpín káńsù kò kéré tó bí ẹni tí ó ń wo gọ́tà ìlú rẹ̀ yóò ti rò.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin náà, ní abala 162, kò ní kí a fi ìpín yìí lé káńsù lọ́wọ́ tààrà. Ó ní kí a fi í fún ìpínlẹ̀, fún àǹfààní àwọn káńsù rẹ̀; kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dá àpò kan sílẹ̀ tí òun àti àwọn káńsù jọ ní, kí owó tí ó ti Abuja wá wọ inú rẹ̀, kí ìpínlẹ̀ sì fi díẹ̀ nínú owó tirẹ̀ kún un, kí a tó wá pín in. Èrò rere ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi yàtọ̀ sí èrò náà. Owó wọlé, ṣùgbọ́n kò jáde bí ó ti wọlé. A yọ owó oṣù olùkọ́, a yọ owó àwọn fẹ̀yìntì, a yọ ti iṣẹ́ kan tí gómìnà ní kí gbogbo káńsù jọ dáwó ṣe. Ìyókù ni alága káńsù gbà, bóyá ni ó sì rí ìwé tí a fi ṣe ìṣirò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe akápò ìjọ mọ irú nǹkan báyìí. Bí ìjọ mẹ́wàá bá jọ ní àpótí kan, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kò ní pẹ́ tí àwọn yòókù yóò fi máa bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí í ṣe tiwọn. Paulu Àpósítélì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun wí sí òun nípa ọrẹ tí àwọn ìjọ dá fún àwọn ènìyàn mímọ́ ní Jerusalemu. Nítorí náà kò dá gbé owó náà: ó rán Titu, ó sì fi arákùnrin mìíràn tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn kún un. Àpò tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní kò ní irú arákùnrin bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni nǹkan ti wà nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ó kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí lítà kan rẹ̀ kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 600 kí oṣù Keje tó parí. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà; dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 470 náírà kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Ojú méjì ni àwọn ìlànà wọ̀nyí fi wo káńsù. Ní ọ̀nà kan, àpò àjùmọ̀ní kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé owó tí a ti ń fi ran epo lọ́wọ́ kò jáde mọ́, dọ́là kọ̀ọ̀kan tí epo rọ̀bì mú wá sì ń di náírà púpọ̀. Ìpín káńsù gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, epo dísù tí katakata káńsù ń mu, símẹ́ǹtì tí a fi ń ṣe gọ́tà, àti oògùn tí a ń kó sí ilé ìwòsàn kéékèèké, gbogbo wọn ni owó wọn gòkè. Lẹ́yìn èyí ni owó oṣù wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu òfin náà, nítorí 30,000 náírà kò lè ra àpò ìrẹsì kan mọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n Abuja ni ó ṣe òfin, káńsù ni yóò sì san án fún agbálẹ̀ rẹ̀, fún agbẹ̀bí rẹ̀, fún akọ̀wé rẹ̀ àti wolé-wolé rẹ̀. Káńsù tí ó ní ọjà ńlá àti gáréèjì ńlá lè rí díẹ̀ gbà níbẹ̀. Káńsù inú oko kò ní ibòmíràn tí yóò yíjú sí ju ìpín ti Abuja lọ, ìpín tí a ti sọ bí ó ti ń dín kù lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí ẹjọ́ ọdún 2024 fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìlànà yòókù lọ fún ọ̀rọ̀ wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, àwọn adájọ́ méje dá ẹjọ́ náà. Adájọ́ Emmanuel Agim ni ó ka ìdájọ́ tí ó jẹ́ olórí. Wọ́n ní gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti di owó káńsù mú, tàbí láti ná an fún wọn. Wọ́n ní níwọ̀n bí ọ̀nà ti ìpínlẹ̀ ti kùnà láti mú owó dé ibi tí òfin ní kí ó dé, ìjọba àpapọ̀ lè san án fún káńsù tààrà. Àti pẹ̀lú, wọ́n ní káńsù tí a kò dìbò yàn kì í ṣe káńsù lójú òfin, a kò sì gbọdọ̀ sanwó fún un. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ba ọ̀pọ̀ gómìnà lẹ́rù, nítorí ó ti mọ́ wọn lára láti yan ìgbìmọ̀ adelé sí ipò káńsù fún ọdún pípẹ́. Ìpínlẹ̀ Anambra kò dìbò káńsù rárá fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, títí di oṣù Kẹsàn-án 2024.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó pe àwọn gómìnà lẹ́jọ́ ní 2024 ti jẹ́ gómìnà rí, ní Èkó, láti 1999 títí di 2007. Nígbà náà ni Èkó dá káńsù titun 37 sílẹ̀ kún 20 tí ó wà nínú ìwé òfin. Ààrẹ ìgbà náà, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, bínú sí èyí, ó sì pàṣẹ ní 2004 kí a dá owó gbogbo káńsù Èkó dúró. Èkó lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ilé ẹjọ́ náà sì dájọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé Ààrẹ kò ní agbára láti di owó káńsù mú. Ó sì tún ní àwọn káńsù 37 náà kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí wọn. Síbẹ̀, Ọbásanjọ́ kúrò lórí oyè ní 2007 kí owó náà tó jáde tán. A sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gómìnà nìkan ni ó lè há owó káńsù mọ́ ọwọ́. Ohun tí gómìnà lè ṣe, Abuja lè ṣe é pẹ̀lú.

Kí ni ó wá tẹ̀lé ìdájọ́ 2024? Ní oṣù Kẹjọ ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò rí i pé a mú un ṣẹ. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ní oṣù Keje 2025, owó náà ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́. A kò lè di ẹ̀bi yìí ru ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí kan ni ti ìbò. Àjọ tí gómìnà yàn ni ó ń ṣètò ìbò káńsù ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì ti rí èso rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba ní Kano gba gbogbo ipò alága 44. Ní oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba ní Ògùn gba gbogbo ogún. Ní oṣù Keje 2025, ti Èkó gba gbogbo 57. Ẹgbẹ́ wọn kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n àbọ̀ ìbò wọn rí bákan náà. Àwọn àgbà wa sì ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Alága tí ó mọ̀ pé gómìnà ni ó gbé òun gorí àga, bí a tilẹ̀ fi gbogbo owó náà lé e lọ́wọ́ láti Abuja wá, yóò ṣòro fún un láti kọ̀ nígbà tí gómìnà bá ní kí ó mú díẹ̀ wá.

Ọ̀ṣun fi ìpalára mìíràn hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ẹgbẹ́ méjì ń jà nípa ta ni alága tòótọ́ nínú àwọn káńsù 30 ti ìpínlẹ̀ náà, ìwọ̀nyí ń tọ́ka sí ìdájọ́ ilé ẹjọ́, àwọn yẹn ń tọ́ka sí ìbò titun. Owó àwọn káńsù náà dúró sí Abuja, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì jókòó sí ilé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyá tí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn káńsù ní àkókò náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan.

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn gómìnà pẹ̀lú. Wọ́n ní bí a bá fi owó lé káńsù lọ́wọ́ tán, ta ni yóò san owó oṣù olùkọ́? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí a gbé ẹrù ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé káńsù lórí, owó oṣù di gbèsè ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn olùkọ́ sì jìyà. Lójú tiwa, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe kí gómìnà máa di gbogbo àpò mú nítorí olùkọ́. Kí a yọ ti olùkọ́ sọ́tọ̀ ní gbangba, kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí káńsù àti olùkọ́ lè kà á, kí ìyókù sì lọ sí ibi tí ó yẹ.

Ní àárín gbogbo èyí, káńsù ní owó kan tí kò ti Abuja wá: owó ìsọ̀, owó gáréèjì, owó ìwé àṣẹ àwọn oníṣòwò kéékèèké. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá ìjọ wa tí ń tajà, wọn yóò sọ pé àwọn ń san án lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bóyá ni ẹnì kan nínú wọn lè sọ iye tí ọjà wọn pa wọlé fún káńsù ní ọdún kan. Akọ̀wé káńsù mọ̀ ọ́n. Òfin sì fi àwọn káńsílọ̀ sí ipò láti bi í.

Ní ti òfin tí yóò yí ọ̀nà owó padà pátápátá, ọwọ́ Abuja nìkan kò lè ṣe é. Ní 2022, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tí yóò mú àpò àpapọ̀ ti ìpínlẹ̀ àti káńsù kúrò. Ṣùgbọ́n irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò lè di òfin àyàfi bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 bá gbà á. Wọn kò pé 24. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àwọn àtúnṣe tí ó yege ní oṣù Kẹta 2023, ti káńsù kò sí láàárín wọn. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́ kò ti òkèèrè wá. Ìlú wa ni a ti dìbò fún wọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń jókòó ní ìjókòó iwájú nínú ilé ìsìn wa ní ọjọ́ ìkórè.