Òótọ́ àbí irọ́? Ọmọ ẹṣin àti gàárì àkọ́kọ́

Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jagun, ó fi ẹṣin ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ọjà ni púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà ti wá. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà wọ́n, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó bá ẹṣin kì í jẹ́ kí ó pẹ́ níbi tí igbó bá ti dí. Títí dòní, òkè náà ni ọ̀pọ̀ ẹṣin wa ti ń wá, ẹlòmíràn sì ti gùn wọ́n kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ẹṣin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àgbọ́sọ látòkè délẹ̀. Ẹṣin tó ti gba gàárì la mọ̀, a kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹ jẹ́ ká yẹ díẹ̀ wò nínú àgbọ́sọ náà.

"Ẹṣin tí kò bá jẹ ẹgba kò ní gbọ́ràn."

Irọ́. Irọ́ náà ti pẹ́, ẹni tó ta kò ó náà sì ti pẹ́. Ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn tí Xenophon, ará Gíríìsì, kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn, tó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin. Jagunjagun ni ọkùnrin yìí o, kì í ṣe ẹni tí ojú àánú ń dà láàmú.

Ẹgba kò lè ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹṣin. Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin. Láti ìwáṣẹ̀, ohun tó bá fò lé e lẹ́yìn, ikú ni. Bí gàárì bá bà lé e lójijì tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń gbà là. Ẹni tó bá nà án nígbà yẹn ti jẹ́rìí sí i fún un pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ wo ọwọ́ olùkọ́ tó mọṣẹ́. Ó gbé ìka méjì lé èjìká ọmọ ẹṣin, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ pé kó yẹ̀. Ẹṣin kò ṣe nǹkan kan. Ó gbé orí sókè, ó gbọn awọ ara rẹ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó yí etí kan sẹ́yìn. Ìka kò kúrò, kò sì le sí i. Nígbà tó yá, ẹṣin sún ẹsẹ̀ kan, bóyá kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìka sì kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ìka kúrò yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wọlé. Bí ọwọ́ bá pẹ́ kó tó kúrò, ẹṣin á ti ṣe nǹkan mìíràn, nǹkan mìíràn ọ̀hún ni yóò sì kọ́. Èyí ni sùúrù nínú iṣẹ́ yìí: kí ọwọ́ lè dúró láìbínú, kí ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò. Ẹlòmíràn a máa lọ́ra láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a sì máa pè é ní sùúrù.

Ojú ẹni pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n fi àwòrán ojú ènìyàn han ẹṣin 28. Bó bá jẹ́ ojú tó ń bínú, ọkàn wọn a tètè yára lù, ojú òsì ni wọ́n sì fi ń wò ó jù, ìyẹn ojú tí ẹṣin sábà fi ń wo ohun tó bá ń bà á lẹ́rù. Àwòrán lásán nìyẹn, ká má tíì sọ ẹni tó dúró pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́.

"Ọmọ ọdún méjì ti tó gùn."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ owó ló sọ ọ́ di òfin. Kentucky Derby ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń sá láti 1875, ẹṣin ọmọ ọdún 3 nìkan ló wà fún; ẹni tó bá fẹ́ kí ẹṣin òun sá a kò lè dúró pẹ́ kó tó gbé gàárì lé e. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn tó wà ní Vienna, níbi tí wọn kò ti bá ẹnikẹ́ni sáré, nǹkan bí ọmọ ọdún 4 ni àwọn ẹṣin Lipizzaner ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè lo ọdún mẹ́fà sí i kí wọ́n tó mọ gbogbo iṣẹ́ náà.

Egungun ló ni ẹjọ́ yìí. Ibi tí egungun ẹṣin ti ń gùn sí i kì í dí lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ń tètè dí. Ti òkè orúnkún iwájú ń dúró di nǹkan bí ọdún 2 àbọ̀. Àwọn eegun ẹ̀yìn, tí gàárì jókòó lé gan-an, lè má parí títí di ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méjì lè ga, kí àyà rẹ̀ sì gbòòrò, síbẹ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù lórí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le ni. Èyí kò ní kí a so ó mọ́lẹ̀ ṣá o. Ìrìn àti eré láìsí ènìyàn lẹ́yìn a máa mú egungun rẹ̀ le.

Kódà fún ẹṣin tó ti dàgbà, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ń tẹ̀ lé ni ìdá 20 nínú 100 ara rẹ̀. Ẹṣin tó wọn kìló 300 kò yẹ kó gbé ju kìló 60 lọ, ènìyàn àti gàárì lápapọ̀. Kí àwọn ọ̀gá wa tí ikùn wọn ti yọ ṣíwájú agbádá ṣe ìṣirò náà fúnra wọn.

"Bó bá ti dúró jẹ́ẹ́, ó ti gbà nìyẹn."

Nínú gbogbo wọn, irọ́ yìí ló ń ṣe ènìyàn léṣe jù. Ẹ̀rù ń mú ẹṣin sáré, ẹ̀rù kan náà sì lè mú un gan pa. Ẹ wo ojú rẹ̀: kò ṣẹ́. Ihò imú fẹ̀, ètè le, ìrù há sí ìdí, èémí ń wá kúkúrú kúkúrú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ẹṣin ọmọlúàbí nìyí, yóò gùn ún, yóò ní kó gbésẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, gàárì mì, ẹṣin rántí pé nǹkan wà lẹ́yìn òun, ó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀, ó ta. Wọ́n á ní kò sí ohun tó fà á.

Ẹṣin tó gbà ní tòótọ́ kì í gan. Orí rẹ̀ a wálẹ̀, ojú a máa ṣẹ́, etí a máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, a sì tú èémí gígùn gba imú. A tún máa lá ètè, a máa jẹnu lásán. Ìyẹn dára, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni, ó ti le ṣáájú.

Ìdí nìyí tí gàárì fi ń wọlé ní ìpele-ìpele. Aṣọ abẹ́ gàárì ló ń ṣíwájú: kí ẹṣin gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ fi pa á léjìká, kí ẹ gbé e lé ẹ̀yìn, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí kò fi ní í wò ó mọ́. Lẹ́yìn náà ni gàárì fúnra rẹ̀, láìsí àlùkẹ́ḿbù tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀já abẹ́ ikùn ni kí ẹ fura sí jù. Bó bá fún lójijì, ẹṣin a bẹ́. Bó bá sì dẹ̀ jù, gàárì a yí sábẹ́ ikùn, ẹṣin a sì máa sá fún un tipátipá yíká ọgbà. Ẹṣin tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kì í tètè gbàgbé. Ẹ fún un débi tí kò ní yí, ẹ mú ẹṣin rìn díẹ̀, ẹ fún un sí i ní ihò kan, ẹ tún rìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ so àlùkẹ́ḿbù mọ́ gàárì. Ìgbà tí àlùkẹ́ḿbù bá ti ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò sì bìkítà mọ́, ẹnì kan lè wá fi ikùn lé e lẹ́yìn, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún ṣe é, kó tó gbé ẹsẹ̀ kọjá.

"Ohun tó mọ̀ lápá òsì, kò mọ̀ ọ́n lápá ọ̀tún."

Irọ́ ni pé apá méjèèjì ọpọlọ rẹ̀ kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú kan kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n nǹkan a máa yí ìrísí padà bí a bá wò ó láti ìhà kejì, ẹsẹ̀ tó fi ń yẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí náà ẹ kọ́ ọ ní ìhà méjèèjì. Ní ti òsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gun ẹṣin, idà tí àwọn ológun àtijọ́ ń fi kọ́ ìbàdí òsì ni wọ́n ní ó fà á.

"Ọjọ́ mélòó kan ti tó."

Ó tó láti gùn ún. Ní ìdíje Road to the Horse ní Amẹ́ríkà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn ọ̀gá fi ń gun ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí, lójú èrò. Ẹni tó ti kọ́ àìmọye ẹṣin mọ èyí tó lè fò nínú ìgbésẹ̀ àti èyí tí kò gbọdọ̀ fò. Èmi àti ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n.

"Èyí tó ń ju orí, olóríkunkun ni."

Ẹ kọ́kọ́ ya ẹnu rẹ̀ wò. Láti ọdún 2 àbọ̀ sí nǹkan bí ọdún 5 ni ẹṣin ń pààrọ̀ eyín wàrà 24, ọjọ́ orí kan náà tí ìjánu ń kọ́kọ́ wọ ẹnu rẹ̀. Òmíràn tún ní eyín kékeré kan níwájú eyín ọ̀lọ̀, tòsí ibi tí irin ìjánu ń sinmi lé. Dókítà ẹran ló yẹ kó rí i, kì í ṣe kòbókò.

"Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn."

Òwe náà pé, kò kàn sọ pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Bí orí yín bá gbá ilẹ̀, ó parí fún ọjọ́ náà. Bí ẹṣin bá ṣì ń gbọ̀n tí ẹ tún gun orí rẹ̀, tó sì tún gbé yín ṣánlẹ̀, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ènìyàn sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ọ̀já, ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń dùn ún, ẹ padà sí ohun tó mọ̀ ṣe kẹ́yìn, kí ẹ fi ìyẹn pa iṣẹ́ dé. A ó tún un gùn lọ́la.

"Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré."

Òótọ́ pọ́ńbélé. Àwọn olùwádìí ní Denmark fi hàn pé ọmọ ẹṣin tó bá wà pẹ̀lú ẹṣin tí nǹkan kan ti mọ́ lára kì í bẹ̀rù nǹkan náà tó èyí tó wà pẹ̀lú ẹṣin tí kò rí i rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn ṣáájú ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń yìnbọn láàárín ìlù àti èrò lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Pápá náà kọ́ ló yẹ kí ẹṣin ti kọ́kọ́ gbọ́ ìlù àti ìbọn. Nílé, ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ẹ so àgbà ẹṣin tó ti mọ ariwo mọ́ ìtòsí ọmọ ẹṣin, kí onílù dúró sí òdìkejì pápá, kó lu ìlù díẹ̀, kó sì dákẹ́ nígbà tí orí ọmọ ẹṣin bá wálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, onílù lè sún mọ́ wọn díẹ̀.