Ojú Tí Wọ́n Gé Lára Kẹ́ẹ̀gì

Ikpinlè ni epo ti fẹ́ tán nínú zémidjan, ọ̀kadà Bẹ̀nẹ̀, tó gbé mi. Ọ̀gá tó ń wà á kò wá ilé epo lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì ló yà sí, níbi tí ìyá kan to bẹntiróò sórí tábìlì pákó: ìgò ọtí tó ti ṣófo, ìgò onílítà kan, àti ìgò ràgàjì kan láàrin wọn tí ikùn rẹ̀ yọ bíi ti aboyún. Kpayo ni gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ń pe epo yìí. Nàìjíríà ló ti ń wá, ọ̀nà igbó ló sì ń gbà wọlé kí ó má baà pàdé ẹni tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá náà fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó dà á, ó gba sẹ́fà rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀pà tó ń bó. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo sùn kalẹ̀ bí agbo àgùntàn. Mi ò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú ọ̀nà tó ti Sakété lọ sí Pobè ni Ikpinlè wà, ó sì ní ọjà ńlá. Òun, Kpoulou, Massè, Oko-Akarè, Totonnoukon àti Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀ ni wọ́n para pọ̀ di kọ́múùnù Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau. Ìkànìyàn 2013 ka ènìyàn tó ju 115,000 lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti Ìláròó tàbí Ìmẹ̀kọ wá kò nílò ògbufọ̀ láàrin wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fa ìlà, ẹ̀gbọ́n di ti Faransé, àbúrò di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu àwọn ènìyàn kò tíì gbọ́ pé wọ́n pín ilẹ̀.

Láti Ikpinlè lọ sí Adja-Ouèrè, ilẹ̀ pupa ni, eruku rẹ̀ kì í sì í bi ènìyàn léèrè iye tó ra aṣọ tó wọ̀. Ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ láàrin wọn. Bí a bá kọrí sí apá Massè, lágbègbè àwọn Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ á yí padà di dúdú: amọ̀ tó ń di àlejò lẹ́sẹ̀ mú nígbà òjò bí onílé tó ní kí o ṣì jókòó díẹ̀. Àwọn Ọ̀họ̀rí yìí ló bá Faransé jà ní 1914 sí 1915, irà wọn sì bá wọn jà á. Mi ò débẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Àwọn ọmọ tó wọ káákì ni mò ń tẹ̀ lé, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́ àwọn mìíràn kí ó má baà tètè gbó.

Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ yà sílé agbẹ́gilére kan, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oníṣẹ́-ọnà ṣe ń bá ọmọ ọlọ́mọ gbé, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ìtì igi mọ́lẹ̀, àáké kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń fi ọ̀bẹ họ etí ère tó ti fẹ́ parí. Wọn kò bí ọmọ yìí sínú ilé náà. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹ, òun ló ń gbálẹ̀ àgbàlá láàárọ̀, òun náà ló ń bá ọ̀gá lọ sóko. Mo ní, “Bàbá, ọdún mélòó ni yóò fi kọ́ ọ?” Ó ní, “Títí ojú rẹ̀ yóò fi là.” Mo sọ fún un pé àwọn kan ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ojú ère fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àáké kalẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ méjì? Ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin.”

Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni bàbá ń gbẹ́. Àwọn ará Kétu ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má dá sí ìjà yẹn. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ijó ọ̀sán ni àlejò máa ń yà ní fọ́tò, ìyẹn ère méjì-méjì, ọkùnrin tó fi aṣọ di ìdí àti ọmú bí obìnrin, irin lọ́rùn ẹsẹ̀. Ní tèmi, òru tó ṣáájú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, òru ẹ̀fẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ á jáde sójú ọjà, ère lórí, aṣọ lójú. Á júbà àwọn ìyá wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá tú ìlú sílẹ̀ bí ẹni tú ẹrù: ẹni tó jẹ ilẹ̀ ọmọ òrukàn, ìyàwó ilé tó ń bu owó ọkọ jẹ, olóyè tó gba owó lọ́tùn-ún tó tún gbà á lósì. Kò sí ẹni tó lè mú un fún ohun tó sọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó fi kọrin á pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, á kí i bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Aṣọ tó bojú ló gba ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà.

Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn CEG, ilé-ìwé girama wọn, ni mo ti bá àwọn tí mo wá wò. Oníṣẹ́-ọnà mẹ́ta ni wọ́n, ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Ilé ìdílé kan nínú ìlú ni wọ́n wọ̀ sí. Ohun tí Faransé ń pè ní résidence nìyí: oníṣẹ́-ọnà á kó ẹrù rẹ̀ wá, á sùn láàrin ìlú, á jẹ ohun tí ìlú ń jẹ, á sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san oúnjẹ. Àwọn ọmọ bí ogún yí wọn ká, káákì lọ́rùn, ayùn kékeré lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì kpayo lórí itan.

Kẹ́ẹ̀gì kò ṣàdédé débẹ̀. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962, ló fi han aráyé pé bí a bá gé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò, ojú ènìyàn ló wà nínú rẹ̀: ibi tí a ń gbà da epo di ẹnu, ibi tí a fi ń gbé e di imú. Ó to irú ojú bẹ́ẹ̀ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi, ó pè é ní La Bouche du Roi. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù rà á, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní 2007, nígbà tó pé igba ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Ohun tí ìyá Ikpinlè tò sẹ́yìn tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń lọ wò lọ́hùn-ún.

Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan tó ń múra ìdánwò BEPC. Ìwé tí ó kọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, nígbà tí wọ́n ní kí kálukú sọ nípa ara rẹ̀, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Faransé ló fi kọ ọ́. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀, ìyá mi ń tọ́jú ilé, inú ìdílé wa dùn. Ìlà mẹ́rin. Mo wo ti ẹni kejì, mo wo ti ẹni kẹta. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, ìdùnnú kan náà. Inú ìwé kíkà ni wọ́n ti bí gbogbo wọn.

Kò yà mí lẹ́nu. Ní ilé-ìwé tí mo lọ, signal wà. Ẹni tí èdè ìyá rẹ̀ bá jábọ́ lẹ́nu ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn. Tiwa jẹ́ egungun ẹran tí wọ́n fi okùn sí. Yóò wà níbẹ̀ títí tí ìwọ náà á fi mú ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì gbé e dé ìgbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ lù ló ni ẹgba. Mo gbé e lọ́jọ́ tí àkekèé ta mí tí mo ké “yéè”. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé igbe pàápàá gbọ́dọ̀ gbọ́ Faransé.

Ẹ má sì rò pé ilé-ìwé Faransé kò mọ eré. Ní 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Dàhómì (orúkọ àtijọ́ Bẹ̀nẹ̀) ní École William Ponty, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ṣe eré lórí ìpàdé ìkẹyìn Béhanzin, ọba Dàhómì, àti Bayol, aṣojú Faransé. Bí ìsinmi bá dé, wọ́n á ní kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè àṣà, kí wọ́n kọ ọ́ wá. Ní oṣù kẹjọ 1937, eré wọn Sokamé dé Théâtre des Champs-Élysées ní Paris. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n nínú eré wọ̀nyẹn, ọba ló ń sọ̀rọ̀, ìlú ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó kọ ọ́ kò sọ tirẹ̀.

Ojú kẹ́ẹ̀gì ọmọbìnrin yìí ti parí lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Ó fi òwú dúdú ṣe irun fún un, ó fi ọ̀dà funfun yí ibi tí ojú wà ká. Oníṣẹ́-ọnà obìnrin yẹn kò bi ọmọ náà ní ohunkóhun. Kẹ́ẹ̀gì ló kọjú sí, ó fi Nàgó, Yorùbá apá ibẹ̀, kí i bí a ṣe ń kí àlejò: “Ẹ kúàbọ̀. Níbo lẹ ti ń bọ̀?”

Ọmọ gbé e bojú. Ó pẹ́ díẹ̀.

“Kutonú ni mo ti ń bọ̀.”

Ó ní òun rí ọmọ kan lọ́hùn-ún. Wọ́n mú ọmọ náà fún ìbátan ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n ní wọ́n á fi í sílé-ìwé. Ọmọ náà ta omi. Ó ta omi títí ó fi mọ gbogbo ibi tí mọ́tò ti ń dúró. Ilé-ìwé kan wà ní òdìkejì títì. Bí wọ́n bá ti ń ké A, B, C nínú rẹ̀, ọmọ náà á máa ké e tẹ̀ lé wọn, abọ́ omi lórí, títí oníbàárà á fi bú u pé kí ló ń wí. Ọ̀rọ̀ Fọ̀n ni vidomègon tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan. Ìrànlọ́wọ́ láàrin ẹbí ni láyé àtijọ́; ilé pọ̀ lónìí tó ti di ọmọ-ọ̀dọ̀ tí kò gbowó. Ọmọbìnrin yìí kò pe orúkọ yẹn. “Ọmọ náà” ló ń wí ṣáá, ohùn rẹ̀ ń ró nínú kẹ́ẹ̀gì bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni ẹnu rẹ̀ yà: “Mo mọ̀ ọ́n kà kí n tó wọ ilé-ìwé.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í, tí kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ti parí láti àná, mú ayùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀ sí i.

Ohun tí mo wá wò nìyẹn, ó sì yé mi ju bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa lọ́rùn pa wá lẹ́nu mọ́. Ohun tí wọ́n fi bo ọmọ yìí lójú ló là á lẹ́nu. Ẹlẹ́fẹ̀ ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ìdí rèé tí inú fi bí mi nígbà tí àlejò kan tó tẹ̀ lé wọn wá na fóònù sí ọmọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò lójú, pé ibẹ̀ ni fọ́tò wà. Mo ní kó fi sápò. Ó fi sápò, ṣùgbọ́n ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́.

Nírọ̀lẹ́, àgbà kan láti ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá dúró lórí wa. “Ta ló fún wọn láṣẹ ìbòjú?” Àwọn ọkùnrin oníṣẹ́-ọnà méjèèjì dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. “Bàbá, kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ o. Eré ọmọdé ni.” Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. “Epo ṣì ń rùn nínú ẹ̀.” Ó dá a padà. “Ẹ má gbé e jáde lóru. Ọ̀sán ni kí ẹ fi ṣe é.” Ó jókòó, ó sì gbọ́ ìtàn mẹ́ta kó tó lọ.

Ẹ̀rín agbẹ́gilére kò kúrò létí mi ṣá. Ní Òṣogbo ní 1962, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, sọ ilé di ibùdó iṣẹ́-ọnà Mbari Mbayo, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Denis Williams, ọmọ Gùyánà, ṣe fún wọn kò gùn, èyí tí Georgina Beier, ayàwòrán, ṣe ní 1964 náà kò gùn. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni Twins Seven Seven gbà wọlé, oníjó tó di ayàwòrán. Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ jẹ́ ìtàn ara rẹ̀: ó ní ìbejì ọ̀nà méje ni ìyá òun bí, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ Òṣogbo máa ń fò ni pé Georgina ń gbé ìlú náà nígbà yẹn. Ẹni tó ya nǹkan lónìí lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó rán oníṣẹ́-ọnà jáde láti Kutonú àti Àjàṣẹ́, bí owó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ní, ẹ pín in sí ìgbà mẹ́rin láàrin ọdún, kí ẹni kan náà máa padà wá. Ọmọ tó la ẹnu kò gbọdọ̀ wá onílẹ̀kùn tì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wá zémidjan padà sí Ikpinlè, mo rí ọmọbìnrin náà níwájú ilé wọn, òun àti ìyá rẹ̀ ń to àkàsà tí wọ́n fi ewé pọ́n sínú agbọ̀n. Mo kí wọn, wọ́n kí mi. Ìyá bi mí bóyá mo sùn dáadáa. A kò mẹ́nu ba kẹ́ẹ̀gì. Mo ra àkàsà mẹ́ta.