Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ kọ̀ǹpútà bí ara ènìyàn ṣe ń dán

Ẹni tó bá wo Iwájú, fíìmù katúùnù tí iléeṣẹ́ Kugali àti Disney gbé jáde lọ́dún 2024 nípa ìlú Èkó, yóò rí i pé ara àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ bí ara ènìyàn gidi. Ìṣirò ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú ìpìlẹ̀ ìṣirò náà ló sì ti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, ní Yunifásítì Utah nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí David Evans àti Ivan Sutherland ti ń kọ́ wọn.

Edwin Catmull wà lára wọn. Láti kékeré ló ti ń fẹ́ ya katúùnù fún Disney, ṣùgbọ́n ó gbà pé òun kò mọ àwòrán yà tó. Lọ́dún 1972, ó ti ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ inú P.O.P, irú èyí tí àwọn dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tó kán. Kò rántí fi ìpara pa ọwọ́ náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà irun ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bá P.O.P lọ. Ó fa ilà sára ère ọwọ́ tó rí níbẹ̀ títí ó fi pín sí nǹkan bí 350 ègé kéékèèké, ó wọn igun kọ̀ọ̀kan, ó sì kó nọ́ńbà wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ náà ń ṣí, ó ń pa dé nínú fíìmù kékeré tó ṣe, Frederic Parke tí wọ́n jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe ojú ènìyàn sí i. Lọ́dún 2011, Amẹ́ríkà fi fíìmù yìí sára àwọn tí ìjọba yóò máa tọ́jú.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé pẹlẹbẹ ni ègé kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá kun ègé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ojú ènìyàn yóò dà bí iṣu tí ọmọdé fi ọ̀bẹ bẹ̀, gbogbo ibi tí ọ̀bẹ gbà ni yóò hàn. Henri Gouraud, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọ̀nà àbáyọ lọ́dún 1971. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ìmọ́lẹ̀ ní igun ègé kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ kí àwọ̀ igun kan máa yọ́ wọ ti èkejì. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló fa ilà sí láti dán an wò.

Ṣùgbọ́n bí ibi tó ń dán bá bọ́ sáàárín ègé, tí kò kan igun kankan, ó sọnù nìyẹn. Bui Tuong Phong, ọmọ ilẹ̀ Vietnam, ló yanjú èyí. (Phong ni orúkọ àbísọ rẹ̀; òun ni ayé sì fi ń pe iṣẹ́ náà dòní.) Ó ní kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mọ ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan nínú ègé náà kọ sí, kó tó wá ṣírò ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì pín ìmọ́lẹ̀ sí mẹ́ta: èyí tó wà káàkiri àyíká, èyí tó tàn ká ara nǹkan, àti dídán, irú èyí tí a ń rí lórí apárí tó wà nínú oòrùn. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ bó ti ń ṣe gbogbo èyí. Ó parí ìwé oyè rẹ̀ lọ́dún 1973, wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1975, ó sì kú lọ́dún kan náà ní ẹni ọdún 32.

Ìlànà Phong nìkan kò tó fún awọ ara, nítorí ohun gbogbo tí a bá fi kùn máa ń jọ ike. Nínú awọ ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ máa ń wọlé, ó ń rìn káàkiri lábẹ́ awọ, kó tó tún jáde. Ọdún 2001 ni Henrik Wann Jensen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìlànà tó yá fún ìṣirò èyí. Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú, mẹ́lánínì inú awọ máa ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó wọlé mì, nítorí náà dídán òkè awọ ló ń fi bí ojú ṣe rí hàn jù. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kùnà nìyẹn. Bí ara ènìyàn dúdú inú fíìmù wọn bá ṣókùnkùn, wọ́n á fi funfun là á, ara náà á sì dà bí eérú. Dídán ló yẹ kí wọ́n tún ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí iwájú orí àti imú dán ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, bí ó ti rí lára ẹni tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

Ọ̀fẹ́ ni Blender, ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo ohun tí a sọ wọ̀nyí ló sì wà nínú rẹ̀. Àkókò àti iná ló ń náni lówó. Àwòrán 24 ló sábà máa ń wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì gbáko ni yóò gbà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ní kí ẹ̀rọ náà kó gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀ bíi fídíò kan. Kó ní kó máa fi àwòrán pamọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ láàárín òru, àwòrán kan ṣoṣo tó wà lórí iṣẹ́ lọ́wọ́ ni yóò ṣòfò.