Àtọ̀gbẹ: Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Pọ̀ Jù fún Sẹ́ẹ̀lì



Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnìkan dìde, ó ní: “Alága, n kì í mu tíì oníṣúgà, n kì í mu mínírà. Báwo ni àtọ̀gbẹ ṣe mú mi?” Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lọ bi ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì kàwé kún un. Ohun tí mo rí rèé.

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pancreas wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe ínsúlínì, purotéènì tó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí okùn gígùn ni purotéènì ṣe máa ń jáde. Àfi kí wọ́n ká a dáadáa kó tó wúlò. Gèlè ni kí ẹ fi wò ó: bó ti wù kó dára tó, bí wọn ò bá wé e dáadáa, kò ṣe é gbé jáde. Yàrá tí wọ́n ti ń ká a nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní endoplasmic reticulum.

Bí èèyàn bá sanra níkùn, tí kì í rìn, ara rẹ̀ kì í sábà gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀bà, túwó àti ìrẹsì, ṣúgà náà ni wọ́n ń dà nínú ara. Sẹ́ẹ̀lì á wá máa ṣe ínsúlínì kún ínsúlínì, bíi télọ̀ tó gba aṣọ 50 nígbà tí Iléyá ku ọ̀la.

Kazutoshi Mori ará Japan àti Peter Walter ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Lasker lọ́dún 2014, wà lára àwọn tó jẹ́ ká mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe nígbà náà: á dín iṣẹ́ tuntun kù, á pe olùrànlọ́wọ́ sí i, á sì kó èyí tí kò ká dáadáa dànù. Bí iṣẹ́ ò bá fúyẹ́ síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á pa ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni àtọ̀gbẹ ń le sí i.

Ìdáhùn nìyẹn o. Kì í ṣe ṣúgà inú tíì nìkan. Àjogúnbá pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dín òkèlè kù, ká máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún, tàbí tí òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ ń dà láàmú, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó ti ní in, kó má torí àgbo pa oògùn dókítà tì.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ire o.