IGBÓ NÍNÚ ÀGBO: ṢÉ OÒGÙN NI TÀBÍ ÈÈWỌ̀?

Àwọn èèyàn máa ń bi mí lẹ́yìn wáàsí ní Ìta Fàájì níbí pé: "Alfa, igbó tí wọ́n ń fi sínú àgbo ńkọ́? Ṣebí ewé ni, Ọlọ́hun ló sì dá a?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìyá ọmọ ló ń bèèrè nígbà mìíràn, ìgò àgbo sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbo kò bá ẹ̀sìn jà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní ká wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe ẹgbẹ́ ewúro àti ẹfinrin. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn sọ ni pé àwọn sójà tó ti Bọ́mà àti Íńdíà bọ̀ lẹ́yìn ogun Hitler, tó parí ní 1945, ló mú un wọ̀lú. Ní 1964, Dókítà Tolani Asuni ti Àró, Abẹ́òkúta, ti ń kọ̀wé nípa igbó àti àrùn ọpọlọ. Òfin ìjọba ológun ti 1966 fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sórí ẹni tó bá gbìn ín. 1975 ni wọ́n yọ ikú kúrò. Títí dòní, òfin Nàìjíríà ṣì kà á léèwọ̀.

Ẹnì kan á ní, "Dongoyárò náà ńkọ́, ṣebí àlejò ni?" Òótọ́ ni. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì rẹ̀ la fi ń dá a lẹ́jọ́, bí kò ṣe ohun tó ń fi làákàyè ṣe. Imam al-Qarafi, àáfáà Málíkì ní Íjíbítì tó kú ní 1285, pín nǹkan wọ̀nyí sí mẹ́ta: èyí tó ń pani bí ọtí, èyí tó ń muni sùn, àti èyí tó ń ba làákàyè jẹ́. Ọ̀nà kẹta ló fi igbó sí. Ó ní kì í ṣe nájísì, ìwọ̀n kékeré tí kò kan làákàyè kì í sì í ṣe èèwọ̀. Ibn Taymiyyah, tó kú ní 1328, ní rárá, ìdájọ́ ọtí ni tirẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sáré di ti al-Qarafi mú. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé èyí tó bá ti kan làákàyè, èèwọ̀ ni. Orí ìwọ̀n sì ni ọ̀rọ̀ al-Qarafi dúró lé.

Ta ló ń wọn ti inú páragà? Lóòótọ́, oògùn wà lára ewé náà. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex fún oríṣi wárápá ọmọdé méjì tó le. Wọ́n ti yọ ohun tó ń pani kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe wúwo tó. Ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ẹni tó ń tà á pàápàá kò mọ bó ṣe le tó. Èyí tí a bá mu kì í tètè ṣiṣẹ́, ó lè tó wákàtí kan tàbí méjì. Ẹni tó mu ún á rò pé kò jẹ́, á tún gba ife kejì. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé, á sùn fọnfọn, ìyá á ní àgbo ti ń ṣiṣẹ́, kò ní mọ̀ pé ọmọ ti yó.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bi ẹni tó ń ta àgbo pé kí ló wà nínú rẹ̀. Bí kò bá lè sọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. Bí ọmọ bá ti mu ún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ìtìjú kò gbọdọ̀ pa ọmọ. Ọ̀dọ́ tí igbó ti di bárakú fún, ẹ má lé e jáde nílé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá. Ẹ mú un lọ, kí ẹ sì máa ṣe àdúà fún un. Ọlọ́hun á ṣọ́ làákàyè wa. Àmín.