Iná sọ iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá Àjàyí Crowther di eérú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé lórí fóònù, ẹ gbọ́ o

Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí ojú Samuel Àjàyí Crowther rí l'Ékòó lọ́dún 1862, àánú á ṣe é. Lọ́dún náà ni iná jó ilé ọkùnrin náà. Ẹrù bá iná lọ, ṣùgbọ́n ẹrù kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún wọra ni àwọn ìwé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ: ìtumọ̀ Bíbélì tó ń ṣe lọ́wọ́, àti àwọn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú òwe Yorùbá tó ti ń ṣà jọ fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Iná ò kúkú mọ ìyàtọ̀ láàárín òwe àti pákó.

Ọmọ Òkè-Ògùn ni Àjàyí. Òṣoògùn, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn lónìí, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni àwọn akónilẹ́rú ti gbé e lọ́dún 1821. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Nígbà tó di ọdún 1843, ó tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó sì tún tẹ èyí tó kún ju ìyẹn lọ jáde lọ́dún 1852. Ẹni tó bá ṣí ti 1852 yẹn á rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí Àjàyí bá kọ ọ̀rọ̀ kan, á tún máa wá òwe tó ní ọ̀rọ̀ náà nínú, á so ó mọ́ ọn lábẹ́. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí gan-an nìyẹn: àkọsílẹ̀ tó so kọ́ra.

Ìwé ti wọnú fóònù báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ṣakí ń kà á, olùkọ́ Ìsẹ́yìn ń kà á nínú mọ́tò Ìbàdàn. Bí wọ́n bá dé ibi tó dùn, wọ́n á fìka fà á, ojú ibẹ̀ á yí àwọ̀, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá nílò ọ̀rọ̀ náà, wọn ò ní rántí ìwé tó wà mọ́. Ẹ bi àwọn tó ń hun aṣọ òfì n'Ìsẹ́yìn, wọ́n á sọ fún yín pé òwú tó kún agbọ̀n kì í ṣe aṣọ. Ó dìgbà tí wọ́n bá ta á, tí èyí tó wà lóròó bá èyí tó wà níbùú pàdé, kó tó di ohun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóde.

Báwo ni wọ́n ṣe ń hun ún? Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ Kindle lẹ fi ń kàwé, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá sàmì sí ló ń kó sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní My Clippings. Ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ óò bá a nínú fódà documents. Orúkọ ìwé, ibi tọ́rọ̀ wà nínú ìwé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ sàmì sí i, gbogbo ẹ̀ ló wà lókè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá kó wọn sínú Obsidian, tó jáde lọ́dún 2020, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó fúnra ẹ̀.

Ẹ má kàn dà á síbẹ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ o. Èrò kan, ojú ewé kan. Ẹ fi ẹnu ara yín tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ òmíràn. Ká ní olùkọ́ kan ń ka ìtàn Crowther. Ó kọ ojú ewé kan lórí bí wọ́n ṣe kó Òṣoògùn, ó wá kọ [[Ọ̀yọ́ Ilé]] àti [[òwò ẹrú]] sínú ẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àmì méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Okùn tí wọ́n fi ń so ó nìyẹn. Tó bá tún ka ìwé mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, tó ṣí ojú ewé Ọ̀yọ́ Ilé, Òṣoògùn á ti máa jùwọ́ sí i níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Niklas Luhmann, tó kú lọ́dún 1998, ṣe irú ẹ̀ láìlo kọ̀ǹpútà. Páálí pélébé ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí, nọ́ńbà ló fi ń so wọ́n kọ́ra. Páálí náà tó nǹkan bí 90,000!

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà tí Yorùbá mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ̀rọ bá ń ya ọ̀rọ̀ kúrò lára àwòrán ìwé àtijọ́, àmì kì í sábà hàn sí i. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ lọ Ṣakí, gbogbo ẹ̀ á di «oko»! Ẹ sì tún wo ẹ́ yìí: kọ̀ǹpútà ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹnì kan á kọ ẹ, á fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn á kọ é, á fi àmì sábẹ́ ẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè di méjì, tẹ́ ẹ bá wá ọ̀rọ̀ yín, á ní kò sí. Ẹni tó bá gbọ́n á máa fi kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo kọ orúkọ ojú ewé ẹ̀, á sì máa fi ohun tó kó wọlé wé ìwé gan-an kó tó so ó.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ló kù. Ní oṣù keje ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Amazon pa ìwé George Orwell tí wọ́n ń pè ní 1984 rẹ́ lórí Kindle àwọn tó ti fowó rà á, nítorí pé ẹni tó gbé e sọ́jà ò ní àṣẹ lórí ẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé kan l'Ámẹ́ríkà ti ń kọ àlàyé sára ìwé náà. Àlàyé ẹ̀ ò sọnù, ṣùgbọ́n ìwé tó ń ṣàlàyé ti lọ, ó wá dà bí ìdáhùn tí kò ní ìbéèrè. Jeff Bezos tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ tọrọ àforíjì lójú ayé, ọmọ náà sì pẹjọ́.

Ìdí nìyẹn tí fáìlì tó wà lọ́wọ́ ẹni fi sàn ju èyí tó wà lọ́wọ́ oníṣòwò lọ. Orí ẹ̀rọ yín ni fáìlì Obsidian ń wà, ọ̀rọ̀ lásán ni, kọ̀ǹpútà yòówù ló lè ṣí i. Kí ọ̀kan wà lórí fóònù, kí ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi ẹ̀kẹta sínú fláàṣì, kẹ́ ẹ gbé e sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé ládùúgbò mìíràn. Olè lè jí fóònù ní gáréèjì, ó sì lè já sínú kànga.

Àjàyí ò jókòó sunkún. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, kò sì fi iṣẹ́ ìwé sílẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1891. Ṣùgbọ́n àwọn òwe tó ṣà jọ fún ọdún mọ́kànlá yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ lónìí pé èyí báyìí ló bá iná lọ.